Mo Pe Àfẹ́sọ́nà Ọmọ-ọmọ Mi Ní Oníwárápá

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ gbé àga yín wá síbí. Ẹni tí kò bá rí àga kó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ilé gbóná dáadáa. Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Inú mi ń dùn lónìí, ó ń dùn débi pé mo lè fẹnu ara mi sọ ohun tó tì mí lójú jù láyé mi, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má baà ṣe irú rẹ̀.

Ìyá Ládépọ̀ ni mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo dé, bàbá mi ní ó tó. Ládépọ̀ ọmọ mi ló mú mi wá sí Toronto. Ilé gogoro kan ní Etobicoke la ń gbé, èmi, òun, Ìdẹ̀ra ìyàwó rẹ̀, àti Tèmidire ọmọ wọn. Tèmidire! Ẹ ò tíì rí ọmọ. Tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó dé ibi ẹ̀rín.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo wọn á gba ibi shift lọ, á wá ku èmi àti fóònù mi.

Bí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ṣe kó sí mi lórí nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Mo sọ fún Tèmidire, ó ní, "No, Grandma. It's the brain." Ó wá ṣí ibì kan fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa àìsàn ọpọlọ máa ń kó ohun tuntun tí wọ́n bá rí sí. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, fóònù á túmọ̀ rẹ̀, á sì máa kà á sí mi létí. Ó ní, "I read this one every day, Grandma."

Mi ò bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo rò pé ara iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Fóònù yẹn, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí imú rẹ̀ dí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í gún lẹ́nu rẹ̀. Tí ó bá fẹ́ pe ọpọlọ, á pe ọ̀pọ̀lọ́. Á ní, "Àwọn onímọ̀ ti ṣàyẹ̀wò ọ̀pọ̀lọ́ àwọn àgbàlagbà." Èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín nínú kíṣìnnì bíi wèrè. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Mo gbọ́ nípa arán ṣíṣe. Mo gbọ́ nípa ọwọ́ gbígbọ̀n. Mo gbọ́ nípa oorun, pé bí ènìyàn ò bá sùn, ọpọlọ ò ní sinmi. Mo wá gbọ́ nípa wárápá, pé kì í ràn, pé ìfófòó ẹnu wọn kì í ṣe májèlé, pé iná inú ọpọlọ ló ń ṣẹ́jú lójijì bíi ti NEPA, àti pé oògùn ń kápá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

A ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, àwa ìyá àgbà tí ọmọ kó wá síbí. Ohun tí mo bá gbọ́ láàárọ̀, mo ti fi ohùn mi gbà á sílẹ̀ kó tó di ọ̀sán, mo ti fi ránṣẹ́. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o! Ẹ má fi ṣíbí sẹ́nu oníwárápá mọ́ o! Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀! Kì í ṣe ohun ìtìjú o!"

Wọ́n sọ mí ní Dókítà Ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Èmi tí wọ́n yọ kúrò ní kíláàsì kẹrin. Àlàájà Sàdíátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òpópónà kejì, á pè mí, á ní, "Dókítà, orókún ń ro mí." Màá ní, "Sàdíátù, mi ò kọ́ ti orókún, ti orí ni mo kọ́." A ó rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà náà ni Tèmidire mú ọkọ wálé.

Bólúwadúró ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń to ẹrù sí ọkọ̀ ní Pickering ló ti ń ṣe ọ̀gá, àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Bowmanville. Ọmọ náà wọlé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ kóòtù, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ibi tí a ń kó bàtà sí, yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀.

Mo ní, "Dìde, ọkọ mi, dìde, ilẹ̀ tútù."

Ó ní, "Grandma, ẹ ò tíì súre fún mi."

Mo súre. Mo gba kóòtù rẹ̀ kí n bá a gbé e kọ́. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, nǹkan kan já bọ́ nínú àpò rẹ̀. Àpótí kékeré oníke, èyí tí wọ́n ń pín oògùn sí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Oògùn kún inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, mo lè dá a padà. Ọwọ́ mi wà lẹ́nu àpò kóòtù yẹn. Ẹ̀rín wọn ń dún ní pálọ̀, Ìdẹ̀ra ń bu ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè dá a padà kí n lọ jókòó.

Àmọ́ Dókítà Ọpọlọ ni mí.

Mo ṣí ọ̀kan. Àmì wà lára oògùn náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Mo yà á ní fọ́tò, mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo bi fóònù. Ó ń yí, ó ń yí. Ó wá fi ohùn imú dídí yẹn sọ pé, "Oògùn yìí wà fún wárápá. Wọ́n tún máa ń lò ó fún..."

Mo pa á. Mi ò gbọ́ èyí tó kù. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́?

Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ìyá pé kì í ṣe ìtìjú! Ìgbà tó kan ilé mi, gbogbo ohun tí mo kọ́ lórí fóònù wábi gbà. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ló kù: ilé tí wọ́n bá ti ní in, a kì í fọmọ fún wọn. Mo rí Tèmidire lójú inú mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tí ọkọ rẹ̀ ṣubú sẹ́bàá iná.

Mo dá àpótí náà padà. Mo jókòó tì wọ́n. Mo jẹun. Bólúwadúró ní, "Grandma, ẹ̀rín yín ti dínkù." Mo ní, "Ata ni."

Mi ò bi ọmọkùnrin náà. Mi ò bi Ládépọ̀. Mi ò bi Tèmidire. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí ló gbé ọwọ́ mi dé inú àpò àlejò. Sàdíátù ni mo sọ fún. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sọ̀rọ̀ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo fi ránṣẹ́. Kí n tó sùn, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ohùn ara mi. Ó dùn létí mi.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ èyí fún yín. Ó dùn létí mi.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àwọn ẹbí méjèèjì kù dẹ̀dẹ̀. Mo ti pinnu ohun tí màá ṣe. Tí àwọn àna bá jókòó, màá fi ọgbọ́n béèrè pé ṣé kò sí àìsàn tí wọ́n mọ̀ nídìílé wọn. Ojú wọn ló máa dáhùn. Màá sì ní, ó tán, ọmọ wa kò lọ mọ́. Tèmidire ń wọ aṣọ wò níwájú dígí, ó ń yí po, ó ní, "Grandma, this one or the blue one?" Mo ní èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò lè wò ó lójú.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, Sàdíátù pè mí.

Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o."

Mo ní, "Kí lo ṣe?"

"Voice note yẹn. Mo kàn fún àbúrò mi tó wà ní Pickering gbọ́, kó bá wa fi sádùúà."

"Sàdíátù! Mo ní ìwọ nìkan!"

"Èmi nìkan náà ni. Àbúrò mi kì í ṣe ẹlòmíràn. Àmọ́ òun náà fún obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbọ́..."

"Níbo ni ọ̀gá yẹn ń gbé?"

Ó rọ ohùn sílẹ̀: "Bowmanville ni o, Dókítà."

Mo dì mọ́ etí síǹkì. Mo ní Bowmanville tóbi. Mo ní kì í ṣe gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló mọ ara wọn. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Yorùbá mélòó ló wà níbẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, yìnyín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán. Mo gbàdúrà pé kó pọ̀ kí wọ́n má lè wá. Wọ́n wá. Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá, bàbá ọmọ náà, gbọn yìnyín kúrò lára fìlà, ó rẹ́rìn-ín: "Ojú ọjọ́ ní ká padà, ìyàwó wa ní ká máa bọ̀. Ta la ó gbọ́ tirẹ̀?" Ládépọ̀ fò dì mọ́ ọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bólúwadúró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa, kò fi ohunkóhun dù mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tutù, kì í sì í ṣe yìnyín ló mú un tutù.

Wọ́n gbé ìrẹsì wá. Wọ́n gbé ẹran wá. Kò fọwọ́ kàn án.

Ìdẹ̀ra ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Àbí oúnjẹ wa ò wù yín?"

Ó ní, "Ó wù mí. Ṣùgbọ́n ká tó jẹun, mo fẹ́ ká jọ gbọ́ nǹkan kan."

Ó yọ fóònù. Ó gbé e sáàárín tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹran. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi ló jáde.

"Sàdíátù, ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Ọkọ tí Tèmidire mú wálé, oníwárápá ni! Oògùn rẹ̀ já bọ́ lójú èmi gan-an. Àwọn òbí rẹ̀ mọ̀, wọ́n fi pa mọ́ fún wa. Ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olùtọ́jú aláìsàn. Mi ò ní gbà, mo búra, mi ò ní gbà!"

Ó parí. Ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ìyá Bólúwadúró ní, "Màmá, ṣé ohùn yín nìyí?"

Mo ní, "Ohùn mi ni."

"Ẹ ṣé. Èmi ni mo bí ọmọ yìí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi ló gbé àìsàn tó ń ṣe ọmọ mi wá fún mi gbọ́ níbi iṣẹ́. Ọmọ mi kò ní wárápá. Bólú, sọ fún wọn. Oògùn kí ló wà lápò rẹ?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Mummy, túúlu ni. Mo máa ń ní túúlu. I didn't want to worry you."

"Túúlu? Ìwọ? Láti ìgbà wo? Wò mí lójú."

Kò wò ó.

Tèmidire dìde. Aṣọ tí mo ní ó dára yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Bólú, stop."

Ó ní, "Dire, jókòó, please."

"No. You won't carry this one for me." Ó kọjú sí mi. Ẹkún ń bọ̀ lójú rẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Grandma, oògùn mi ni. Èmi ni mo ní in. I forget it at home, so he keeps some for me. Èmi ni mo ní wárápá."

Bó ṣe pe ọ̀rọ̀ yẹn, ó pè é bí ọmọ tí wọ́n bí síbí ṣe ń pe Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò lọ kò bọ̀. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gún mi báyẹn rí.

Mo wo Ládépọ̀. Ó gbé ojú sá. Mo wo Ìdẹ̀ra. Omi ti kún ojú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀?"

Ládépọ̀ ní, "Láti ìgbà tó ti wà ní high school, Màmá."

"Ẹ ò sì sọ fún mi? Èmi ìyá yín? Èmi tí mo mọ̀ nípa ọpọlọ!"

Ìdẹ̀ra ló dáhùn. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè sí mi. Ó ní, "Màmá, báwo la ṣe fẹ́ sọ fún yín? Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ láàárọ̀, Ottawa ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán."

Ìyá Bólúwadúró ò wò mí mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ìwọ mọ̀?"

"Ó sọ fún mi kí n tó ní kí ó fẹ́ mi, Mummy."

"O mú wa wá síbí, o ò sọ fún wa?"

"Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá dìde. Gbogbo àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀. "Ládépọ̀, ẹ fún wa ní kóòtù wa. A ó máa lọ."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá jáde lálẹ́ yẹn, wọn ò ní padà wá mọ́. Ọmọ-ọmọ mi á jókòó sílé, gbogbo Yorùbá láti ibí dé Bowmanville á mọ ìdí rẹ̀, ohùn mi ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́.

Wọ́n wọ kóòtù. Wọ́n wọ bàtà. Ládépọ̀ tẹ̀lé wọn sísàlẹ̀. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn tún ṣí. Gbogbo wọn padà, yìnyín lórí, yìnyín léjìká. Ọkọ̀ wọn ti rì sínú yìnyín. Bólúwadúró wo fóònù, ó ní ọkọ̀ ńlá kan ti dábùú lórí 401, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n máa gbà lọ sílé, wọ́n ti pa ọ̀nà náà, ọlọ́pàá ní kí oníkálukú dúró síbi tó bá wà.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti jókòó pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ rí, tí kò lè lọ, tí ẹ̀yin náà ò lè lọ?

A jókòó. Ìrẹsì tutù lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó kó o. Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá dúró lójú fèrèsé, ó ń wo títì tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ìdẹ̀ra gbé tíì wá, ó tún gbé e padà. Tèmidire wà ní yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ látẹ̀yìn ògiri. Bólúwadúró jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, ó fẹ̀yìn tì í, ó ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Dire, lọ sùn. You have to sleep."

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Orókún mi yìí, tí mi ò fi kan ilẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Àna mi, mo jẹ̀bi yín."

Ó ní, "Màmá, ẹ dìde."

"Mi ò dìde."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jù mí lọ, ẹ má fi kún ẹrù tó wà lórí mi. Ẹ pe ọmọ mi ní aláìsàn, mo bínú wá síbí. Ẹ wá wò ó, aláìsàn ọ̀hún, inú ilé yín ló wà. Kí lẹ fẹ́ kí n wí?"

Mo dìde. Mo jókòó.

Ọ̀gànjọ́ ti kọjá nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Tèmidire jáde. Kò sùn rárá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó lọ síwájú ìyá Bólúwadúró, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú sí Bólú. It's not his fault. Èmi ni mo ní kó má..."

Ó dákẹ́.

Ojú rẹ̀ lọ sápá kan, ó dúró síbẹ̀. Ìró kan jáde lọ́fun rẹ̀ tí kì í ṣe ẹkún. Ó ṣubú.

Ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń já. Mo lọgun. "Ṣíbí! Ẹ fún mi ní ṣíbí!" Mo ti fa ọ̀kan yọ nínú abọ́ ìrẹsì. Èmi, Dókítà Ọpọlọ! Èmi tí mo ti pariwo rẹ̀ sétí gbogbo ìyá àgbà pé kí wọ́n má ṣe é!

Bólúwadúró di ọwọ́ mi mú. Kò fi agbára dì í. Ó ní, "Grandma, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu."

Ó ti tábìlì sẹ́yìn. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ká a, ó fi sábẹ́ orí Tèmidire. Ó rọra fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. "Daddy, ẹ bá mi wo aago. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, a máa pe nine-one-one." Bàbá rẹ̀ gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sókè síná. Ọmọ náà ń bá Tèmidire sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n jọ ń rìn lọ lójú pópó: "Mo wà níbí. I'm here. Ó ti fẹ́ tán. Ó ti fẹ́ tán, Dire."

Ìyá rẹ̀ dúró, ó ń wò ó.

Ó ní, "Bólú. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ṣe èyí?"

Kò gbójú sókè. "Mummy, I don't count."

Ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mímí rẹ̀ ń padà bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé aṣọ rẹ̀ ti tutù nísàlẹ̀, omi ti ṣàn dé orí kápẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tuntun yẹn. Níwájú bàbá ọkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì.

Ìyá Bólúwadúró ti rí i ṣáájú mi. Ó yọ ìborùn èjìká rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bo ọmọ náà láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kọjú sí fèrèsé."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ olówó ńlá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ Tèmidire lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa á lára. Ìdẹ̀ra gbé omi gbígbóná wá. A nu ún, àwa obìnrin mẹ́ta. A pààrọ̀ aṣọ fún un. Nígbà tó lajú, kò tíì mọ ibi tó wà. Ó wo obìnrin náà, ó ní, "Sorry." Ìyẹn ní, "Ẹnu rẹ má tún pe sorry mọ́."

A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó sùn. Bólúwadúró jókòó tì í.

Àwa tó kù padà sí pálọ̀. Ìyá Bólúwadúró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Màmá, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ lórí fóònù yìí nípa ọpọlọ. Ẹ sọ fún mi. Ṣé ó lè bímọ?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹ mọ̀ mí. Mo ti fẹ́ la ẹnu kí n máa fọ́n. Mo pa á dé.

Mo ní, "Àna mi, mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ń bí ọmọ tó yá gágá, pé dókítà ló máa ń bá wọn wo oògùn tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó lóyún. Ìyẹn ni mo gbọ́. Ti Tèmidire tiwa, mi ò mọ̀. Dókítà rẹ̀ ló yẹ ká bi, kí òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé ká bi í."

Ládépọ̀ yí ọrùn, ó wò mí bíi pé kò rí mi rí. Láti ìgbà tí mo ti di dókítà, kò tíì gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu mi.

Ọ̀gbẹ́ni Akíndàmọ́lá ní, "Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní in. A máa ń sá fún un. Wọ́n kọ́ ilé kékeré kan fún un lẹ́yìnkùlé." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Mo gbé fóònù mi. Mo ní, "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́." Lójú gbogbo wọn, mo sọ̀rọ̀ sí Sàdíátù. Mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọkùnrin náà, pé kí ó sọ fún àbúrò rẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó fún gbọ́, pé mo wo inú àpò tí kì í ṣe tèmi. Mi ò dárúkọ Tèmidire. Mi ò sọ oògùn ta ni. Mo fi ránṣẹ́. Ìyá Bólúwadúró gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó fa àwo ìrẹsì tútù yẹn mọ́ra, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu.

Ìdẹ̀ra ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e gbóná."

Ó ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa mí láti àná."

Ìgbà tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, a gbọ́ ọkọ̀ tó ń ha yìnyín kúrò lójú títì. Bólúwadúró ní wọ́n ti ṣí ọ̀nà. Wọ́n dìde. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n wọ bàtà yìnyín.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ ohun tó yẹ. Ìyàwó tí àwọn àna rẹ̀ bá ń lọ, tí kò jáde wá kúnlẹ̀ kí wọn, tí kò gbé báàgì ìyá ọkọ rẹ̀ dé ẹ̀bá ọkọ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ títí ọmọ rẹ̀ á fi dàgbà. Mo yára gba ọ̀nà yàrá. Mo ní, "Ẹ dúró díẹ̀, kí n jí i kó wá sìn yín."

Ìyá Bólúwadúró di apá mi mú.

"Ẹ má jí i."

"Ó yẹ kó kí yín, àna mi. Ẹ má wò ó pé..."

"Màmá. Ìyàwó wa ń sùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ó mú un dání, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn kọjá ẹnu ilẹ̀kùn yàrá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Òun náà tẹ̀ba, ó bọ́ tirẹ̀. Bàbá àgbà, gíga bí òpó, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn nínú ilé mi pẹ̀lú bàtà méjì lábíyá. Ẹnu lift níta ni wọ́n ti jókòó sílẹ̀ wọ̀ ọ́.